Iná Kò Tó Nínú Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Régí

Régí ni àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ sọ ọ́, nítorí kò sí ohun tó wù ú láyé ju kí igi méjì wọ inú ara wọn kó sì ṣe régí. Nígbà tó wà ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan àga àti kọ́bọ́ọ̀dù, bí káfíńtà mìíràn bá kan dúrọ́ọ̀ tí kò wọlé dáadáa, òòlù ni yóò fi gbá a wọlé, yóò ní ó ti parí. Régí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò fà á jáde, yóò fi ìfági fá ibi tó ga díẹ̀, yóò tì í padà, yóò tún fà á jáde, títí dúrọ́ọ̀ náà yóò fi máa wọlé bí ẹni pé èémí lásán ló ń tì í. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní lọ́jọ́ tó bá kú, yóò kọ́kọ́ wọn pósí rẹ̀ wò, bí kò bá ṣe régí, yóò ní kí wọ́n dá òun padà sílé. Òun náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí irun rẹ̀ funfun, ó di Bàbá Régí.

Ilé-iṣẹ́ yẹn kógbá sílé nígbà tí àga oníke gba ọjà. Ọ̀gá pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, omi sì lé ròrò sí i lójú bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí Bàbá Régí mú ayùn oníná kan lọ sílé, èyí tí tábìlì irin rẹ̀ tóbi tó ibùsùn ọmọdé, pé kò sẹ́ni tó mọ ìwà ayùn náà bíi tirẹ̀. Bí ayùn ṣe bá a délé nìyẹn.

Òpópónà tóóró tí àwọn ilé ti fara ti ara wọn ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Yàrá iwájú ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ránṣọ. Ìyá Ìbejì ni tọmọdé tàgbà ń pè é, àmọ́ àwọn ìbejì náà ti dàgbà, wọ́n ti lọ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú tó jìnnà, ohùn wọn nìkan ló ń wọlé lórí fóònù. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó ẹrù àlòkù sí. Fèrèsé kékeré kan péré ló ní, ògiri ilé kejì ni fèrèsé náà sì dojú kọ. Bàbá Régí kó ẹrù inú rẹ̀ dànù, ó kan tábìlì iṣẹ́ mọ́ ògiri, ó gbé ayùn sáàárín. Ó fa wáyà kan láti ilé ìdáná, ó gba ojú fèrèsé wọlé fún ayùn. Ó so gílóòbù kan rọ̀ sí àjà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ti délẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù délẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n lára. Bó bá ti tan ayùn, iná ilé ìdáná yóò pọ́n bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, fíríìjì yóò máa kérora, máṣíìnì ìránṣọ tó wà níwájú yóò máa wọ́ rìn bí ẹni tó ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ.

“Bàbá Ìbejì,” ìyàwó rẹ̀ yóò ké láti iwájú, “ṣé igi lẹ ń là ni àbí ilé?”

Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ dójú tì í ni pẹpẹ ìwé tí olùkọ́ obìnrin kan ní òpópónà kejì ní kó kàn fún òun. Olùkọ́ náà kò bínú wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ kan pa èkejì, ó ní, “Bàbá, bóyá ilẹ̀ ilé mi ni kò tẹ́jú o, àmọ́ ó ń mì.” Bàbá Régí tẹ̀ lé e lọ. Ó kúnlẹ̀ síwájú pẹpẹ náà, ó fi àtàǹpàkò tọ ibi tí igi ti pàdé igi, èékánná rẹ̀ sì wọ inú àlàfo. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ náà títí olùkọ́ fi bi í pé ṣé orúnkún ló ń dùn ún ni.

Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, “Inú ihò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Ìyá Ìbejì. Ní ilé-iṣẹ́ wa, fèrèsé ló gba ògiri láti ìkángun dé ìkángun. Níbí, òjìji ara mi ni mò ń fi ayùn rẹ́.”

“Ẹ pe àbúrò mi, nígbà náà,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Kí ni iṣẹ́ ẹ̀ bí kì í bá ṣe iná?”

Òótọ́ ni, iná ni iṣẹ́ àbúrò ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí àwọn òbí wọn kú, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yìí ló dàgbà sí. Bàbá Régí ló mú un lọ síbi tó ti kọ́ṣẹ́, òun náà ló sì máa ń pè é jókòó nírọ̀lẹ́ pé kó wá sọ ohun tó kọ́ lọ́jọ́ náà fún òun. Bí oníná náà bá sọ bí wáyà ṣe ń gbé iná, Bàbá Régí yóò mi orí, yóò ní, “Tún un sọ, kò tíì yé mi,” kó lè tún un sọ, kó lè yé ọmọ náà fúnra rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n” ló ń pè é, àmọ́ ẹni tó bá rí wọn pọ̀ yóò rò pé bàbá àti ọmọ ni.

Bí oníná ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù náà, tó rí wáyà tó gba ojú fèrèsé wọlé, ó ká ọwọ́ lérí.

“Ẹ̀gbọ́n, wáyà tó yẹ rédíò lẹ fi ń gbé ayùn. Ẹ fọwọ́ kàn án wò.”

Bàbá Régí fọwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun.

“Èérún pákó sì wà lábẹ́ ẹ̀,” ni oníná wí. “Ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ dáná sunlé.”

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fa wáyà tó nípọn láti ibi mítà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kì í sínú páìpù, ó gbé páìpù náà gba òkè ògiri kí igi gígùn má baà máa gbá a. Ó kan àpótí kékeré kan fún búrékà, èyí tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá pọ̀ jù, sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, inú àpótí náà ló sì ti pín iná sọ́nà méjì, ọ̀kan fún ayùn, ọ̀kan fún àwọn gílóòbù.

“Kí ló dé tí wọn ò fi jọ máa lo ọ̀kan?” Bàbá Régí bi í.

“Ẹ̀gbọ́n, bí igi bá há ayùn lẹ́nu, búrékà ẹ̀ máa já. Bí iná bá bá a kú, inú òkùnkùn lẹ máa wà pẹ̀lú abẹ tó ṣì ń yí. Kí ayùn kú, kí iná dúró.”

Ó fi ìdérí bo àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì kí èérún má wọ inú wọn. Ó kan bọ́tìnnì pupa ńlá kan tó ń pa ayùn sí ara tábìlì rẹ̀, níbi tí orúnkún lè kàn án bí ọwọ́ méjèèjì bá di igi mú. Bàbá Régí gbé àwọn iná gbọọrọ kan jáde, àwọn tó kó bọ̀ láti ilé-iṣẹ́, ó ní kó gbé wọn kọ́ sókè. Oníná kọ̀ jálẹ̀. Ó ní irú iná yẹn ń ṣẹ́jú, kíkánkán rẹ̀ ni kì í jẹ́ kéèyàn rí i, pé abẹ tó ń sáré lábẹ́ rẹ̀ lè dà bí èyí tó dúró. “Ẹ ó rò pé ó ti sùn, ẹ ó na ọwọ́ sí i.” Irú mìíràn ló rà wá, ó tò wọ́n sí ọ̀wọ́ méjì, ọ̀kan lókè tábìlì iṣẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn ibi tí káfíńtà ń dúró sí, kí òjìji tí ọ̀wọ́ kan bá dá, kí ọ̀wọ́ kejì pa á rẹ́. Ó tún kun ògiri ní funfun.

Nígbà tí wọ́n tan gbogbo rẹ̀, Ìyá Ìbejì yọjú láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní iná yìí tó láti fi wá abẹ́rẹ́ tó ti sọnù mọ́ òun lọ́wọ́ láti ọdún tí àwọn fẹ́ra. Bàbá Régí rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó mú pákó kan, ó fa ìlà pẹ́ńsù sí i, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ní ìlà náà hàn kedere.

Ara tù ú fúngbà díẹ̀. Ó kan àpótí kékeré méjì tí kò lábùkù. Lẹ́yìn náà ni aláṣọ kan dá àga àpótí padà, ó ní ẹsẹ̀ kan kúrú. Lẹ́yìn aláṣọ, ilẹ̀kùn kan kọ̀ láti wọ férémù. Bàbá Régí tún ránṣẹ́ pe oníná.

“Iná yìí kò dé ẹ̀gbẹ́,” ni ó wí. “Àárín mọ́lẹ̀, mi ò jiyàn, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣú.”

Oníná fi gílóòbù kan kún un lápá òsì. Nígbà tó ṣe, ó tún fi ọ̀kan kún un lápá ọ̀tún. Ó tún mú èyí tí ọrùn rẹ̀ ṣeé tẹ̀ wá, ó dè é mọ́ etí tábìlì. Ṣọ́ọ̀bù náà wá mọ́lẹ̀ débi pé àwọn aládùúgbò ń bi Ìyá Ìbejì léèrè bóyá ọkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ di fọ́tò yíyà. Síbẹ̀, Bàbá Régí ní iná kò tó.

Ìyá Ìbejì ti ń kíyè sí nǹkan. Ife tí kò sí níwájú ọkọ rẹ̀ gan-an, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò gbá a dànù. Èjìká rẹ̀ ń lu férémù ilẹ̀kùn tó ti ń gbà kọjá láti bí ọdún mélòó kan. Àwọn èèyàn kí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kò dáhùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ti ń gbéra ga lọ́jọ́ ogbó. Gbogbo rẹ̀ ni obìnrin náà rí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oníná wà lórí àkàbà, ó ń yí gílóòbù kan kó lè kọjú sí ẹ̀gbẹ́ tí Bàbá Régí ní ó ṣókùnkùn. Ó gbàgbé tẹ́sítà rẹ̀, irin tó fi ń wò bóyá iná wà nínú wáyà, sórí tábìlì iṣẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi na tẹ́sítà yẹn.”

Bàbá Régí wo tábìlì. Ó yí orí díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, bí ẹni tó ń fi tọ́ọ̀ṣì wá nǹkan nínú koríko. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá lórí tẹ́sítà náà, kò gbé e.

“Kò sí níbí.”

“Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ òsì yín, ẹ̀gbọ́n. Èyí tó ní èèkù pupa.”

Bàbá Régí fi àtẹ́lẹwọ́ wá a títí ó fi bà á. Ó gbé e sókè sí i, ó ní, “Ṣé o rí i báyìí? Mo sọ fún ẹ pé iná ò dé ẹ̀gbẹ́ yìí.”

Gbogbo gílóòbù inú ṣọ́ọ̀bù náà ló wà ní títàn. Kò sí òjìji kankan lórí tábìlì náà, kódà òjìji ìṣó kò sí níbẹ̀. Oníná dúró lórí àkàbà, ó fi eyín di ìṣó onílílọ́ mú. Ó gba tẹ́sítà, ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n.”

Nígbà tó ń lọ, ó dúró ní yàrá iwájú, ó sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìyá Ìbejì kò gbé ojú kúrò lára aṣọ tó ń rán.

“Mo ti mọ̀,” ni ó wí. “Mo kàn ń gbàdúrà pé kó jẹ́ ojú tèmi ló ń tàn mí ni.”

Àwọn méjèèjì ló mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ojú jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó gbé Bàbá Régí jókòó síwájú ẹ̀rọ kan, ó fún un ní bọ́tìnnì mú lọ́wọ́, ó ní kó máa wo àmì kan tó wà láàárín, kó sì máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkigbà tí iná bínńtín bá tàn níbikíbi. Bàbá Régí kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ àbúrò òun ni wọ́n fún òun ṣe yìí. Ó jókòó, ó ń dúró de iná. Ìyàwó rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ń gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ró, ó sì ń gbọ́ bí bọ́tìnnì ṣe dákẹ́. Nígbà tí wọ́n parí, Bàbá Régí ní ẹ̀rọ wọn ti bà jẹ́, pé iná inú rẹ̀ kì í tàn déédéé.

Dókítà ṣàlàyé. Ó ní iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sínú ọpọlọ ti ń kú, láti ẹ̀gbẹ́ ohun tí ojú ń rí ló ti bẹ̀rẹ̀, àárín ló sì ń bọ̀. Ó ti pẹ́ lára rẹ̀, kì í dunni, ìdí nìyẹn tí kò fi mọ̀.

“Tó bá jẹ́ wáyà ni, bàbá, ẹ ó sọ pé gílóòbù dára, wáyà ló ń kú.”

“Wáyà ṣeé pààrọ̀,” ni Bàbá Régí wí.

“Èyí kò ṣeé pààrọ̀. Èyí tó ti lọ ti lọ. Ẹ̀kán oògùn tí ẹ ó máa kán sójú, kí èyí tó kù lè dúró pẹ́ díẹ̀ ni.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Wọ́n padà sílé. Ó kán oògùn náà fúngbà díẹ̀, ó sì tún padà sídìí ayùn. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi, ó ní, “Bí mo bá wo iwájú mi, mo rí ìlà pẹ́ńsù. Ta ló ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú la igi?” Nígbà tó tún bẹ̀ ẹ́, ó ní ọmọ àná ni dókítà, kí ló mọ̀.

Ohun tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ń la pákó gígùn kan. Àfọ́kù igi kan wà lórí tábìlì ayùn, ó sún mọ́ abẹ lápá òsì, kò sì rí i. Abẹ gbé àfọ́kù náà, ó jù ú bí òkò. Ó bà á ní ìhà, ó fò kọjá, ó lọ gún ògiri funfun ní ihò. Ìyá Ìbejì gbọ́ ariwo, ó sáré wọlé, ó bá ọkọ rẹ̀ ní ìjókòó nílẹ̀, tó di ìhà mú, tí ayùn ṣì ń sáré lókè orí rẹ̀. Ó fi orúnkún gbá bọ́tìnnì pupa.

“Igi náà ló ní kókó,” ni Bàbá Régí wí, bó ṣe ń wá èémí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni obìnrin náà lọ bá àbúrò rẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó dúró láàárín àwọn wáyà tí wọ́n ká jọ sílẹ̀, ó ní, “Pa ayùn yẹn.”

“Àǹtí mi, ẹ bá wọn sọ ọ́.”

“Mo ti sọ ọ́ tí ẹnu mi ti bó.”

“Ẹ jẹ́ ká jọ tún un sọ. Àwọn ló mú mi lọ kọ́ iṣẹ́ yìí. Mi ò lè lọ máa fi iṣẹ́ náà rẹ́ wọn jẹ.”

Ìyá Ìbejì wò ó. Kò gbóhùn sókè. “Ṣé ìgbà tí mo bá ń ṣa ìka wọn nínú èérún pákó lo máa tó gbọ́?”

Oníná lọ. Ìgbà tí Bàbá Régí lọ gẹrun ló wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣí àpótí búrékà, ó yọ wáyà ayùn kúrò níbi tó ti dè é fúnra rẹ̀, ó fi téèpù wé ẹnu rẹ̀, ó ti àpótí padà. Iṣẹ́ kékeré ni, àmọ́ ìṣó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá Régí dé, ó tan ayùn, ayùn kò dáhùn. Ó pe oníná lórí fóònù. Oníná dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó tú èyí, ó kan ìyẹn, ó ń fi tẹ́sítà tọ́ ibi tó mọ̀ pé kò sí nǹkan kan.

“Ẹ̀gbọ́n, mọ́tọ̀ tó ń yí abẹ ẹ̀ ti jóná.”

“Ṣé wọn ò lè tún wáyà inú ẹ̀ wé ni?”

“Ó ti gbó jù. Kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín.”

Bàbá Régí mi orí. Ó ní ó ṣeun, kó kí ilé. Nígbà tí oníná lọ tán, ó kúnlẹ̀, ó tú ìdérí mọ́tọ̀, ó fi imú sí i. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń wà níbi tí mọ́tọ̀ ti ń jóná. Òórùn rẹ̀ kì í ṣòroó mọ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ tí ọṣẹ kì í fi lè tètè lé e. Ohun tó gbóòórùn níbẹ̀ ni òróró àti igi. Ó fi ọwọ́ yí abẹ, abẹ yí geere. Ó wá jókòó sórí àga àpótí kan, ó gbé ìdérí náà lé itan. Ìyàwó rẹ̀ pè é wá jẹun, kò dìde. Nígbà tó wá wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ó rí ìdérí lórí itan ọkọ rẹ̀, ó sì yé e pé àṣírí ti tú. Ó padà, ó lọ bo oúnjẹ náà.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Régí tún ránṣẹ́ pe oníná.

“Jókòó.”

Oníná jókòó.

“Àbúrò, mọ́tọ̀ tó bá jóná máa ń rùn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Èyí kò rùn.”

Oníná wo ilẹ̀. “Kò rùn.”

“Ta ló ní kí o ṣe é?”

“Èmi ni mo ronú ẹ̀.”

“Irọ́ kejì nìyẹn. O ò mọ irọ́ pa, kò sì wù mí kí o máa kọ́ ọ báyìí.”

Ìyá Ìbejì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, òwú ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wọlé. “Èmi ni mo ní kó ṣe é.”

“Ṣebí ó yẹ kí o sọ fún mi.”

“Mo sọ fún yín, Bàbá Ìbejì. Ẹ ní yàrá ló ṣókùnkùn. Mo tún sọ, ẹ ní dókítà ò mọ nǹkan. Mo tún sọ, ẹ ní igi ló ní kókó.”

Ìdérí mọ́tọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Bàbá Régí ń fi àtàǹpàkò tọ etí ìdérí náà, ó ń yí i po, ó ń yí i po.

“Mo mọ̀,” ni ó wí níkẹyìn. “Láti ọjọ́ tí mo wá tẹ́sítà tí mi ò rí i ni mo ti mọ̀. Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni? Bí mo bá fi ẹnu ara mi sọ ọ́, ó di òótọ́ nìyẹn. Mo ní kí n ṣì fi iná yín bora díẹ̀ sí i.” Ó gbé ìdérí náà sílẹ̀. “Àmọ́ ẹ̀yin méjèèjì ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Káfíńtà ló máa ń gbé irin ẹ̀ sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Wọn kì í dúró kó lọ gẹrun kí wọ́n tó gbà á.”

Oníná ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n.”

“Lọ tún un dè.”

Oníná wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Obìnrin náà gbójú kúrò. Oníná dìde, ó lọ sídìí àpótí búrékà, ó tú téèpù, ó tún wáyà náà dè bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bàbá Régí dá ìdérí mọ́tọ̀ padà sáyè rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gbogbo orí tábìlì irin náà mọ́. Ó dúró níbi tó máa ń dúró sí.

“Ṣé kò sí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀?” Kò tíì yá ojú lò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

“Kò sí,” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ó tan ayùn. Kò fún un nígi. Ó kàn gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí irin náà, níbi tó jìnnà sí abẹ, ó jẹ́ kí ìró rẹ̀ máa gba ọwọ́ rẹ̀ gun apá. Oníná kò mọ ibi tó yẹ kí ojú òun wà. Ó pẹ́ kí Bàbá Régí tó fi orúnkún tẹ bọ́tìnnì pupa. Abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀, ń wálẹ̀, títí ó fi dúró. Àwọn gílóòbù kò kú.

“Ó tó,” ni ó wí. “Yọ ọ́ báyìí.”

Káfíńtà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ìdílé ló wá gbé ayùn náà. Bàbá Régí bá a dé ẹnu ọ̀nà, ó sọ ìwà ayùn fún un, pé bí ọjọ́ bá tutù kó jẹ́ kó sáré díẹ̀ kó tó fún un nígi, pé kó má ṣe fi ìkánjú bá a lò. Ọkùnrin náà ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ó sì hàn pé ọkàn rẹ̀ ti wà lọ́nà.

A ò lè sọ pé nǹkan dára lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn kan sọ fún Ìyá Ìbejì pé ọkọ rẹ̀ lè máa fi ọwọ́ lásán ṣe iṣẹ́ kéékèèké, pé ọwọ́ àgbà a máa ríran. Bàbá Régí gbìyànjú rẹ̀. Ó fi ìfági fá igi, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ọ. Ọwọ́ náà ríran lóòótọ́, gbogbo àlàfo ló ń rí, kò sì lè dí wọn. Ó kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wọn. Àwọn ìbejì wálé, wọ́n sunkún, wọ́n padà síbi iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ àárín òun àti oníná kò já, àmọ́ ó tín-ín-rín. Oníná ń wá kí i ní ìrọ̀lẹ́. Yóò jókòó, yóò sọ ibi tó ti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ilé tí wáyà rẹ̀ ti gbó, ilé tí eku ti jẹ wáyà. Bàbá Régí yóò ní, “Ó dáa.” Kò tún sọ fún un mọ́ láé pé, “Tún un sọ, kò tíì yé mi.” Oníná gbọ́ ìyàtọ̀ náà. Ó ń gbọ́ ọ títí dòní, bó ṣe sọ fún ìyàwó tirẹ̀.

Ní ti Ìyá Ìbejì, ọkọ rẹ̀ gba ìlérí kan lẹ́nu rẹ̀, ìlérí náà kò sì rọrùn fún un láti gbé. Ó ní ohunkóhun tí ojú òun kò bá rí mọ́, tí òun bá bi í, kó sọ bó ṣe rí gan-an. Obìnrin náà gbà. Bí ó bá bi í pé ṣé àbàwọ́n wà lára ẹ̀wù òun, yóò ní ó wà. Bí ó bá bi í pé ṣé àwọn aládùúgbò ń wo òun pẹ̀lú àánú, yóò ní, “Wọ́n ń wò yín.” Nígbà mìíràn, lẹ́yìn irú èsì bẹ́ẹ̀, yóò lọ sídìí máṣíìnì rẹ̀, yóò tan iná rẹ̀, yóò jẹ́ kó máa sáré láìsí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Ní ọjọ́ tí wọ́n tún lọ gba ẹ̀kán oògùn, ó di ìgbọ̀nwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú bí wọ́n ṣe ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá, oòrùn ń ta wọ́n lórí, gbogbo èèyàn ló fi ọwọ́ síjú. Bàbá Régí rọra fa ẹsẹ̀.

“Ìyá Ìbejì, ṣé ilẹ̀ ti ń ṣú ni?”

Obìnrin náà wo òkè, ó wo ojú ọkọ rẹ̀ tó là sílẹ̀ gbagada. Ó dùn ún láti sọ ọ́.

“Rárá,” ni ó wí. “Ọ̀sán gangan ni.”

Bàbá Régí mi orí. Ó fún ìgbọ̀nwọ́ náà mú dáadáa, wọ́n sì ń bá ọ̀nà wọn lọ.